Èmi Tí Mo Ń Ya Òjìji ní Ìlú Bìní

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi. Mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí gbogbo ayé á máa pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ má kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, pàápàá irú èyí tí mo ṣe. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé mo ń ba fọ́tò jẹ́. Ọ̀gá mi sọ ọ́. Oníbàárà sọ ọ́. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ti darúgbó tán, ẹgbẹ́ wa tún dìde, wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Èsì kan náà ni mo fún gbogbo wọn: ẹ yẹra lójú ìmọ́lẹ̀ fún mi, mo fẹ́ ya òmíràn.

Morẹ́nikẹ́ lorúkọ mi, àmọ́ ní Ikpoba Hill, Mama Photo ni tọmọdé tàgbà mọ̀ mí sí. Bàbá mi ló kó wa wá láti Ìkìrun nígbà tó ríṣẹ́ ní ilé ìlagi kan ní Bìní. Tí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án, abẹ́ páànù ńlá tí wọ́n ti ń la gẹdú máa ń ṣókùnkùn, ìta lẹ́yìn rẹ̀ á sì mọ́ yòò. Mi ò lè rí ojú bàbá mi rárá. Ìdúró rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀, èjìká ọ̀tún tó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí gẹdú tó ti ń gbé láti ìgbà èwe. Láàárín gbogbo ọkùnrin tó dúró dúdú lójú ìmọ́lẹ̀ yẹn, mi ò ṣì í mú rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe agídí lásán ni mo fi wọ iṣẹ́ yìí.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ni bàbá mi mú mi lọ. Ilé fọ́tò rẹ̀ wà lójú títì ní Ikpoba Hill, àwọn èèyàn sì máa ń ti Aduwawa wá bá a. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ n fò ó. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé àwọn aládùúgbò ń bi bàbá mi bóyá orí rẹ̀ pé, tó fi fẹ́ kí ọmọbìnrin máa wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Bàbá mi ní, "Ṣé òkùnkùn ibẹ̀ mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin ni?"

Ọ̀gá Làmídì le. Kì í pariwo, kì í na èèyàn, àmọ́ ó lè fa fọ́tò tó o fi gbogbo àárọ̀ ṣe ya lójú oníbàárà, kó ní, "Ẹ má bínú, ẹ padà wá lọ́la, ọmọ yìí ò tíì lajú." Ìtìjú yẹn ju pàṣán lọ.

Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ gùn, ó ṣókùnkùn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sí àgbàlá lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló máa ń gbé àpótí sí fún mi láti jókòó.

"Kí lo rí?"

"Ilẹ̀kùn ni, Ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní kí lo rí?"

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé ìmọ́lẹ̀ ló ń bi mí. Ó ní kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi sí ẹnu ọ̀nà, kí n wò ó. Kí n fà á padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tún wò ó. Lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilà ọwọ́ mi hàn ketekete. Bí mo bá ṣe ń fà á wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ilà yẹn á máa parẹ́, títí ọwọ́ náà á fi di dúdú. Ọ̀gá ní, "Ojú tìẹ lè rí ìta àti inú ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ò lè ṣe é. Nínú méjèèjì, dandan ni kó o mú ọ̀kan fún un. Bó ò bá mú un, kámẹ́rà á bá ẹ mú un, kò sì ní mú èyí tó dáa."

Títí dòní, bí mo bá wọ ilé tó ṣókùnkùn, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ nà síwájú. Àwọn ọmọ mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń tọrọ bárà.

Àmọ́ ní ti Ọ̀gá, ojú èèyàn ló máa ń mú ní gbogbo ìgbà. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni òwe tó máa ń pa. Bí oníbàárà bá dúró síwájú fèrèsé, á ní ká tan iná sí i, ká na aṣọ funfun síwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí i lójú. Bí ìta tó wà lẹ́yìn onítọ̀hún bá funfun bí èlùbọ́ gbágùúdá, kò kàn án. Ojú ṣáà gbọ́dọ̀ hàn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràfíù, dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, ó ń fẹ́ ẹ̀wà. Ó gbé àtẹ sókè, èèpo ẹ̀wà ń fò lójú oòrùn bí eṣinṣin wúrà. Fíìmù ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú kámẹ́rà. Nígbà yẹn mo ti ń bá Ọ̀gá ya àwọn oníbàárà kéékèèké. Mi ò tan iná, mi ò sì pe obìnrin náà kó wẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ni mo wọ̀n. Mo yà á.

Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá gbé e lọ sójú fèrèsé.

"Ta nìyí?"

"Ìyá Ràfíù ni, Ọ̀gá."

"Ojú rẹ̀ dà?"

"Ẹ wo ọwọ́ wọn, Ọ̀gá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe na ọrùn. Ta ló tún ń fẹ́ ẹ̀wà báyẹn ní gbogbo Ikpoba Hill?"

Ó fà á ya. "Ìyàwó mi kì í ṣe òkú tí wàá máa ya òjìji rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn kan náà, obìnrin kan náà, mo tún yà á. Ó tún fà á ya. Ó tọ́ka sí ìta, ó ní kí n máa lọ sílé baba mi.

Bàbá mi ò bá mi wí. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo tún un yà lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ti àkọ́kọ́ ya. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó wọ dàńṣíkí, ó ní ká lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà. Àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ kó má rí ohun tó ń rí." Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ń retí kí n sọ pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó retí, ó retí. Mi ò sọ ọ́.

Ó mí kanlẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó mú nẹ́gẹ́tíìfù fọ́tò náà jáde, ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní kí n dìde wá wò ó.

"O rò pé torí pé ó dúdú ni mo ṣe fà á ya? Kò dúdú tó ni."

Ẹnu yà mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka hàn mí níkọ̀ọ̀kan. Ògiri funfun tó wà lẹ́yìn mi ti ta ìmọ́lẹ̀ padà sára obìnrin náà, ara rẹ̀ wá rí bí omi eérú, kò dúdú, kò funfun. Orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àtẹ́rígbà bí ẹni pé ó ru ilé. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ti wọnú ìhà rẹ̀ lọ, a ò rí i mọ́. Garawa tó wà nílẹ̀ sì ti so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dà bí ìgbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú.

"Bó bá máa dúdú, kó dúdú," ni Ọ̀gá wí. "Bó bá máa mọ́, kó mọ́. Agbedeméjì yìí ni mo kórìíra. Tó o bá fẹ́ máa bá mi ṣagídí, ṣe agídí tó péye."

Láti ọjọ́ náà ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù bá ń sinmi lọ́sàn-án, Ọ̀gá á ní kí n ya ìgbálẹ̀ tó gbé sẹ́nu ọ̀nà, kí n ya ìkòkò, kí n ya ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Bí etí ìkòkò kan kò bá yọ gedegbe kúrò lára rẹ̀, á ní kí n tún un ṣe. Òun ló kọ́ mi láti máa ta ìró dúdú sára ògiri lẹ́yìn mi kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà, láti máa ti gbogbo fèrèsé yòókù pa, kó lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Òun ló kọ́ mi pé ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn èèyàn ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀n, kì í ṣe èèyàn náà. Màá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá wo ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, màá ti ihò ojú kámẹ́rà pa dé ìwọ̀n tó tọ́ sí i, màá wá padà sínú òkùnkùn láì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ìbẹ̀rù tó máa ń mú èèyàn níbẹ̀ yẹn pọ̀. Ọkàn rẹ á máa sọ pé, "Ṣí i díẹ̀ sí i, a ò rí ojú rẹ̀." Ẹni tó bá gbọ́ràn sí ọkàn yẹn lẹ́nu, omi eérú ló máa rí yà.

Títí mo fi gba fírídọ̀ọ̀mù, Ọ̀gá Làmídì kò gbé ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yẹn kọ́ sára ògiri rẹ̀ rí. Àmọ́ kò fa ọ̀kankan ya mọ́.

Mo ṣí ilé fọ́tò tèmi ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ikpoba Hill, lọ́nà odò. Iwájú ni mo ti ń ya ojú tí gbogbo èèyàn ń fẹ́: ti páàsìpọ́ọ̀tù, ti ìkómọ, ti àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé. Ìyẹn ló ń bọ́ wa. Bí mo bá ráyè, màá gbé kámẹ́rà wọ ilé àwọn oníṣẹ́: ilé alágbẹ̀dẹ, ilé àwọn tó ń lọ gaàrí, ibikíbi tó bá ṣókùnkùn tí èèyàn sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Oníbúrẹ́dì kan wà ní Aduwawa nígbà náà, ọkùnrin ńlá kan tí ìrìn rẹ̀ dà bíi ti ọba. Ó ní kí n wá ya òun àti àwọn òṣìṣẹ́ òun kí òun lè gbé e kọ́ sí iwájú ìta. Ilé ìyan-búrẹ́dì náà ṣókùnkùn biribiri, ògiri rẹ̀ ti dúdú fún èéfín igi. Ẹnu ààrò nìkan ló ń mọ́lẹ̀, iná pupa ń jó nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ya ojú wọn níta bí wọ́n ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà mo wọlé. Ọkùnrin kan ń ti búrẹ́dì wọnú iná pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, òmíràn ń gbé páànù kọjá, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Iná yẹn ni mo wọ̀n. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun kí orí wọn má baà wọnú òkùnkùn ògiri òkè, kí ó lè bọ́ sójú iná. Mo dúró títí ẹni tó ń gbé páànù fi kọjá lára ọ̀gá rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fi là láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀. Bí òjìji méjì bá lẹ̀ pọ̀, wọn kì í ṣe èèyàn mọ́, òkìtì ni wọ́n dà.

Èyí tí mo yà nínú ilé yẹn ni mo fẹ́ràn. Mo tẹ̀ ẹ́ tóbi, mo gbé e kọ́ sí iwájú ilé fọ́tò mi. Ọkùnrin náà dé, ó wò ó, ó ní, "Ojú mi dà?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin mà nìyẹn! Ẹ wo ikùn!"

Inú bí i. Ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, pé mo ti sọ òun di iwin. Mo ní fọ́tò ojú rẹ̀ rèé, èyí tó ní kí n yà, ó dára, kó máa gbé e lọ. Èyí tó wà lára ògiri mi, èmi ni mo ni ín, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀. Ó bú mi, ó lọ, ó sì kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán mìíràn títí ó fi kú. Ọkọ mi, Bàbá Kúnlé, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Aduwawa lọ sí Auchi, gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ní gáréèjì. Ó délé, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ò lè ya èèyàn bí èèyàn ni?" Mo bù fún un kó jẹun. Fọ́tò náà ò sọ̀ kalẹ̀.

Òjò ló sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bìní mọ ohun tí àgbàrá ń ṣe fún wa. Ọ̀gbun kan wà lẹ́yìn ilé tí mo háyà. Nígbà tí mo débẹ̀, kòtò tí ọmọdé lè fò ni. Lọ́dọọdún ló ń jẹ ilẹ̀. A da yanrìn sínú àpò, a tò ó síbẹ̀, omi kó o lọ. Àwọn kan da pàǹtí sí i, omi kó o lọ. A kígbe, àwọn èèyàn ńláńlá wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò rọ̀ tí a ò rí iwájú. Mo wà ní iwájú ilé fọ́tò nígbà tí mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn ńlá bá jókòó lójijì. Mo sáré wọlé. Ògiri yàrá òkùnkùn mi ti lọ. Mo rí ojú ọ̀run níbi tí mi ò gbà kí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀.

Àwọn páálí tí mo kó nẹ́gẹ́tíìfù sí wà lórí pẹpẹ, etí ibi tó ya. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà nínú wọn. Mo na ọwọ́, mo mú ọ̀kan. Mo tún na ọwọ́. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Aládùúgbò mi, Ìyá Osas, obìnrin Ẹdó tó ń ta ẹja níwájú ilé wa, fò wọlé, ó gbá mi mú níkùn.

"Mama Photo, comot! You wan die because of picture?"

Mo ń bá a jà. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó lágbára jù mí lọ. Ó wọ́ mi jáde bí àpò gaàrí, bẹ́ẹ̀ la dúró sínú òjò, àwa méjèèjì, nígbà tí pẹpẹ náà tẹ̀ síwájú, tó sì lọ. Ìdajì ilé náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú fọ́tò oníbúrẹ́dì lára ògiri. Mo rí àwọn fíìmù mi tí wọ́n ń tú káàkiri lórí omi pupa, wọ́n ń dán, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Ikpoba. Ìyá Osas ò fi mí sílẹ̀. Ó ń sunkún ju èmi lọ.

Bàbá Kúnlé ní ká palẹ̀ mọ́, ká padà sí Ìkìrun, pé Bìní ti gba ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ ní kí n máa ta ohun mímu tútù. Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Ọ̀gá Làmídì, tó ti darúgbó gan-an, tó ń fi ọ̀pá rìn, ló wá kí mi. Mo rò pé á tù mí nínú. Ó jókòó, ó wò mí.

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Ọ̀gá."

"Ojú rẹ?"

"Ó wà."

"Oòrùn ńkọ́? Ṣé àgbàrá kó ìyẹn náà lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín láì fẹ́. Ó dìde, ó ní òun ń lọ. Kò jẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò lọ síbì kankan. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Kámẹ́rà kan tí mo gbé kọ́rùn lọ́jọ́ yẹn ni mo fi tún bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré kan ní Ugbowo, ní òpópónà Èkó, níbi tí kẹ̀kẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò ti jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi.

Ibẹ̀ ni ayé iṣẹ́ wa ti yí padà lójú mi. Fíìmù lọ, kámẹ́rà tó ń fi fọ́tò hàn ọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀ dé. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń ṣọ̀fọ̀. Èmi ò ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí àgbàrá ti kó fíìmù rẹ̀ lọ kì í sunkún fún fíìmù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo lè ya òjìji kan, kí n wò ó lójú ẹsẹ̀, kí n rí i pé ìgbọ̀nwọ́ ti sọnù, kí n sì sọ fún onítọ̀hún pé, "Gbé apá kúrò lára díẹ̀."

Fóònù ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jà. Fóònù rò pé òun mọ ohun tí mo fẹ́ jù mí lọ. Bó bá ti rí òkùnkùn, á ti rò pé àṣìṣe ni, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ọmọ mi Fúnmiláyọ̀, tó gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, gbọ́ Yorùbá yéké, àmọ́ Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń borí rẹ̀: ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́ jù lójú gíláàsì, ẹ má tẹ ojú èèyàn náà, kí ẹ wá fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ náà wálẹ̀ títí èèyàn náà á fi dúdú. "Mama, drag am down, no fear," ló máa ń wí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọ̀gá Làmídì lòun náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Orúnkún ló dá mi dúró. Iṣẹ́ yìí gba kíkúnlẹ̀, èmi ò sì lè kúnlẹ̀ kí n dá dìde mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Ugbowo ní kí n bá àwọn ya Ìyá Tánímọ́lá, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, fún kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. Mo ní màá ṣe é, pé òun ni màá fi kásẹ̀ iṣẹ́ mi nílẹ̀.

Ojú Ìyá Tánímọ́lá ti di bàìbàì. Ó ní gbogbo nǹkan rí lójú òun bí ìgbà tí èéfín bá bo ilé. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń jókòó sídìí fèrèsé yàrá rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ lásán pa ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe yà á nìyẹn. Fúnmiláyọ̀ ti fèrèsé yòókù pa, mo na ọwọ́ mi sójú ìmọ́lẹ̀, mo wò ó. Wọ́n gbé mi lọ́wọ́ méjèèjì láti kúnlẹ̀. Ìyá dojú kọ ẹ̀gbẹ́, gèlè rẹ̀ yọ, imú rẹ̀ yọ, ẹ̀gúsí kan ṣoṣo wà láàárín ìka rẹ̀ méjì, ìmọ́lẹ̀ yí i ká. Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn kámẹ́rà, mo mọ̀ pé mi ò ya èyí tó dáa jù ú lọ rí.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà dé sí ìpàdé, mi ò dá iṣẹ́ mi mọ̀. Wọ́n ti tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ara Ìyá ti di eérú, fèrèsé ti di funfun báláú, ẹ̀gúsí ti parẹ́. Orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dìde.

"Ta ló fọwọ́ kan fọ́tò mi?"

Túndé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọ dáadáa ni, ó ní, "Màmá, a kàn tan án díẹ̀ ni. Ó ti dúdú jù, ojú Ìyá ò hàn."

"Ṣé ẹ rò pé mo gbàgbé ojú wọn ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Mama Photo, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Fọ́tò lásán ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Alága, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi kásẹ̀ nílẹ̀ ni ẹ ń pè ní lásán. Ẹ tún un tẹ̀, tàbí kí ẹ yọ orúkọ mi."

Wọ́n ní kí ilé nawọ́. Àwọn tó ní kó wà bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù wá lọ dáadáa. Ó tán. Mo yọ bírò dúdú láti inú báàgì mi, mo rìn lọ sídìí òkìtì kàlẹ́ńdà náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ mi rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè gbá àgbàlagbà lọ́wọ́ mú. Túndé wá bá mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò gbórí sókè. Nígbà tó rí i pé mi ò ní dáwọ́ dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ kàlẹ́ńdà náà sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kó má baà ká lábẹ́ ọwọ́ mi. A ṣe é títí tó fi tán. Wọn ò tún un tẹ̀, èmi náà ò sì tíì padà sí ìpàdé.

Mo ní kí Fúnmiláyọ̀ tẹ èyí tí mo yà gan-an, kó tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. A gbé e lọ sílé Ìyá Tánímọ́lá. Ẹgbẹ́ ti fún Ìyá ní kàlẹ́ńdà tiwọn, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní èmi ni mo wà nínú ìyẹn," ni Ìyá wí. "Bébà funfun ni mo rí."

Mo gbé tèmi síwájú wọn lójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n tẹ orí sí ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ọwọ́ wọn jáde, ó ń tẹ̀ lé etí dúdú náà, láti gèlè dé iwájú orí, láti iwájú orí dé imú. Ó dúró níbẹ̀.

"Imú bàbá mi rèé," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Ohùn wọn wá le lójijì. "Morẹ́nikẹ́! Èmi mà nìyí! Mo rí ara mi!"

Fúnmiláyọ̀ yíjú sẹ́yìn, ó ń nu ojú. Èmi ló bi Ìyá léèrè.

"Níbo lẹ fẹ́ ká gbé e kọ́ sí, Ìyá?"

"Iwájú mi níbí. Kó kọjú sí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bá mi jà."

Mo gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ mi, mo sì gbá ìṣó náà wọlé fúnra mi.